Abẹ́rẹ́ Nọ́ḿbà Mẹ́rìndínlógún

Tí ọmọ kan bá ń ṣe agídí ní òpópónà yẹn, ohun tí ìyá rẹ̀ máa sọ ni pé òun á mú un lọ bá Alábẹ́rẹ́. Ọmọ náà á pa ẹnu mọ́ lójú ẹsẹ̀, torí ó rò pé abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún síni nídìí ni wọ́n ń sọ. Bẹ́ẹ̀, Alábẹ́rẹ́ kò gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́ rí láyé rẹ̀. Maṣíìnì ìránṣọ ni obìnrin náà ń tún ṣe. Nígbà tó kọ́kọ́ gba ṣọ́ọ̀bù, abẹ́rẹ́ maṣíìnì nìkan ni agbára rẹ̀ ká láti rà sílẹ̀ fún títà, ló bá ní kí ẹni tó ń kọ pátákó kọ "Alábẹ́rẹ́" gàdàgbà síwájú ṣọ́ọ̀bù. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn. Èyí tí bàbá àti ìyá rẹ̀ sọ ọ́ wá di ohun tí wọ́n ń lò ní báńkì nìkan.

Ṣọ́ọ̀bù náà kò fẹ̀. Bí èèyàn méjì bá wọlé, ẹnu ọ̀nà ni ẹni kẹta á dúró sí. Àwọn orí maṣíìnì tí wọ́n ti tú jókòó lórí pákó gígùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n kọjú síta bí àwọn tó ń retí ọkọ̀. Òórùn epo maṣíìnì ló máa ń kọ́kọ́ kí àlejò káàbọ̀. Mágnẹ́ẹ̀tì kan wà tó fi okùn so mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, òun ló fi ń wá ìṣó kéékèèké tó bá já bọ́ sílẹ̀.

Ìṣó kéékèèké yìí ló kọ́kọ́ tú u fó. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kì í gbọ̀n tó bá gbé ife, kì í sì í gbọ̀n tó bá ń bọ èèyàn lọ́wọ́. Ìgbà tó bá fẹ́ fi ìṣó tín-ín-rín sójú ihò rẹ̀ gan-an ló máa ń gbọ̀n, àfi bíi pé ọwọ́ náà mọ ìgbà tí iṣẹ́ nílò òun. Dókítà ní kì í ṣe ohun tó ń pa èèyàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó ń lọ. Àwọn oníbàárà kàn ń wo ọwọ́ náà, wọ́n ń sọ pé kò sí wàhálà, àwọn á padà wá, wọn kì í sì í padà wá.

Akọ́bí rẹ̀ gbọ́. Ìlú mìíràn ló ń gbé, gíláàsì fèrèsé ló ń tà, ó sì jẹ́ èèyàn tó máa ń wọn nǹkan lẹ́ẹ̀mejì kó tó gé e. Ó ní kí ìyá òun ti ṣọ́ọ̀bù, kó wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn. Yàrá kan ṣófo nílé, àwọn ọmọ á sì rí ẹni bá ṣeré. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Alábẹ́rẹ́ náà kò gbọ́ ọ pẹ̀lú ìbínú, ṣùgbọ́n ó ti rí ara rẹ̀ lórí àga kan lẹ́bàá fèrèsé, tí gbogbo ẹni tó bá kọjá ń bi í bóyá ó ti jẹun. Kò sí ohun tó burú nínú kí wọ́n bi èèyàn bóyá ó ti jẹun. Ó kàn jẹ́ pé kò fẹ́ kí ìyẹn nìkan jẹ́ ohun tí wọ́n á máa bi òun.

Ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí gbogbo ayé ń pè ní Onífọ́tò, ló mú ọ̀rọ̀ ìkànnì ayélujára wá. Iṣẹ́ fọ́tò kò fi bẹ́ẹ̀ yá mọ́, torí pé ẹnikẹ́ni tó bá ti ní fóònù ti di onífọ́tò ara rẹ̀, òun náà bá kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìkànnì fún àwọn èèyàn. Ó wọlé lọ́jọ́ kan tí Alábẹ́rẹ́ ń fi ẹnu júwe fún télọ̀ kan bí yóò ṣe tún bọ́bìnnì, ẹ̀yà tó ń gbé òwú lábẹ́ maṣíìnì, tò, ó dúró gbọ́ ọ títí tó fi parí.

"Ọwọ́ yín ló ń gbọ̀n, Ìyá," ló wí. "Ẹnu yín ò gbọ̀n."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Alábẹ́rẹ́ á sọ ọ́, wọ́n á ya àwòrán rẹ̀ ní ìpele-ìpele, Alábẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ á wá fi ìka òsì kan ṣoṣo tẹ ọ̀rọ̀ náà sórí kọ̀ǹpútà Onífọ́tò. Ọwọ́ Onífọ́tò ló wà nínú àwọn àwòrán, Alábẹ́rẹ́ kì í sì í yéé ṣàròyé pé èékánná rẹ̀ dọ̀tí. Wọ́n sọ ìkànnì náà ní Ilé Alábẹ́rẹ́. Àwọn télọ̀ rí i. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ rí i. Àwọn tí maṣíìnì wọn ń já òwú, tó ń fo ojú ìrán, tó ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, gbogbo wọn ń wọlé wá béèrè.

Akọ́bí ló san owó ìkànnì ti ọdún àkọ́kọ́, òun náà ló san ti ṣọ́ọ̀bù. Ó wá sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ láì fi bò pé ọdún kan péré ni. Bí ìkànnì bá lè gbé ara rẹ̀, kó sì gbé ṣọ́ọ̀bù, títí ọdún á fi yí po, òun á gbẹ́nu òun dákẹ́. Bí kò bá lè gbé e, òun ń bọ̀ wá fi ọkọ̀ kó ẹrù rẹ̀. Alábẹ́rẹ́ ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ó ti rò pé àwọn tó ń kà á ló máa sanwó. Onífọ́tò ní kó má wulẹ̀ dábàá ẹ̀, torí kò sí ẹni tó máa sanwó kó tó ka bí wọ́n ṣe ń yọ òwú kúrò lábẹ́ bọ́bìnnì. Ìpolówó ni. Ó ṣàlàyé pé ilé-iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gba ìpolówó lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà, kó wá pín in káàkiri orí ìkànnì àwọn èèyàn. Ẹni tó ni ìkànnì á fi àyè sílẹ̀, bí ẹni tó yọ̀ǹda ògiri ilé rẹ̀ kí wọ́n lẹ ìwé mọ́ ọn. Bí ẹni tó ń kàwé bá rí ìpolówó tó wù ú, tó sì tẹ̀ ẹ́, owó díẹ̀ á wọlé fún onílé. Òfin kan ló wà níbẹ̀: onílé kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ ní kí ẹbí rẹ̀ máa bá òun tẹ̀ ẹ́.

Alábẹ́rẹ́ bi í pé ta ló ń yan ìwé tí wọ́n máa lẹ̀. Onífọ́tò ní kì í ṣe èèyàn. Kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ náà ló máa ń ka ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, á wo ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù níbẹ̀, á sì mú ìpolówó tó bá a mu wá. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ Alábẹ́rẹ́ nínú. Ó ń retí òwú aláràbarà, ó ń retí sísọ́ọ̀sì àti aṣọ àǹkárá.

Èyí tó kọ́kọ́ yọ jẹ́ ti abẹ́rẹ́ tó ń mú ikùn wálẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ. Lẹ́yìn náà ni ilé ìwòsàn kan tí nọ́ọ̀sì rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, tó gbé abẹ́rẹ́ gígùn sókè bí ẹni tó fẹ́ fi ṣe ẹ̀bùn. Alábẹ́rẹ́ wo kọ̀ǹpútà, ó wo Onífọ́tò. Onífọ́tò ní bóyá kọ̀ǹpútà náà ṣì ń kọ́ṣẹ́ ni, kí wọ́n fún un láyè. Ó wá fi ìpolówó kún un, kí owó lè tètè wọlé. Ó fi sókè, ó fi sísàlẹ̀, ó fi sáàárín àwòrán àti àlàyé. Èyí tó burú jù ni ọ̀kan tó máa ń yọ lójijì bo gbogbo ojú ìwé, tó sì jẹ́ pé ibi tí wọ́n ti ń pa á dé kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ.

Àwọn télọ̀ kò dákẹ́. Ọ̀kan bi í bóyá ó ti di nọ́ọ̀sì, kóun lè mú ọkọ òun tó ń sá fún abẹ́rẹ́ wá. Òmíràn kọ̀wé pé òun ti tú maṣíìnì òun sílẹ̀, epo wà lọ́wọ́ òun, òun ń ka ìpele kẹta lọ, ni ikùn ọkùnrin sísanra kan bá yọ, tó bo àwòrán náà pátá. Òun fẹ́ fi ìka pa á dé, ìka òun yọ̀, ó di orí ìkànnì ọsibítù. "Ìyá, maṣíìnì ni mo wá tún ṣe," ló kọ, "àwọn wọ̀nyí ti fẹ́ dá mi dúró sí wọ́ọ̀dù." Alábẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín nígbà tó kà á, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó rẹ́rìn-ín tán, ó tún un kà, kò sì rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kejì.

Síbẹ̀, owó ń wọlé. Ó ń wọlé díẹ̀díẹ̀, ó sì ń gòkè sí i lóṣooṣù. Àwọn tó ń yà sórí ìkànnì náà ń pọ̀ sí i ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Onífọ́tò ní bó bá ń lọ báyìí, kí akọ́bí má wulẹ̀ da epo sínú ọkọ̀. Alábẹ́rẹ́ kò mọ ibi tí àwọn èrò náà ti ń wá. Kò tíì rí i kí télọ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé. Ṣùgbọ́n nígbà tó jẹ́ pé owó náà ló máa gbé ṣọ́ọ̀bù dúró, kò béèrè.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ìbéèrè kan wọlé láti ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí. Ó kí i dáadáa, ó dúpẹ́ fún iṣẹ́ tó ń ṣe fáwọn èèyàn, ó wá béèrè pé irú abẹ́rẹ́ wo ló dáa jù fún orúnkún. Inú Alábẹ́rẹ́ dùn sí ọmọlúàbí bẹ́ẹ̀. Orúnkún ṣòkòtò kì í ṣe ohun tí kò mọ̀. Gbogbo òbí tó ní ọmọkùnrin ló ń kó o wá bá télọ̀. Ó jókòó, ó fara balẹ̀, ó fi ìka òsì rẹ̀ tẹ èsì:

"Ẹ kú ìbéèrè. Orúnkún kì í ṣe ibi tí à ń fi abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ṣeré. Nọ́ḿbà mẹ́rìndínlógún ni kí ẹ lò. Ẹ kọ́kọ́ nà án tọ́ kó má ká jọ, kí ẹ wá jẹ́ kí abẹ́rẹ́ gún un yípo, ìlà méjì, ẹ má kánjú. Tó bá ti gbó jù, ẹ gé ibi tó gbó kúrò, kí ẹ fi tuntun lé e."

Ó ka èsì náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó rí i pé kò sí àṣìṣe nínú rẹ̀, ó fi ránṣẹ́.

Kò pẹ́ tí ọkùnrin náà dá a lóhùn. Ó ní òun dúpẹ́, àmọ́ ẹ̀rù ń ba òun díẹ̀. Ṣé kò sí èyí tí wọn ò ní gé? Ó ti gbó lóòótọ́, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Alábẹ́rẹ́ ronú nípa ṣòkòtò tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó ní láti jẹ́ ogún bàbá kan. Ó fèsì pé bí wọn kò bá fẹ́ gé e nítorí ìfẹ́ tí wọ́n ní sí i, kí wọ́n fi aṣọ mìíràn gbé e nídìí, ṣùgbọ́n nọ́ḿbà mẹ́rìndínlógún náà ni.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, fóònù rẹ̀, tí nọ́ḿbà rẹ̀ wà lórí ìkànnì, dún. Obìnrin kan ló ń pè, ohùn rẹ̀ le, ó sì ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó béèrè bóyá ẹni tí wọ́n ń pè ní Alábẹ́rẹ́ ni òun ń bá sọ̀rọ̀.

"Èmi ni, mà."

"Ṣé dókítà ni yín ni, àbí nọ́ọ̀sì?"

"Rárá o. Maṣíìnì ni mò ń tún ṣe."

"Èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì tí mo ti ń pè yín yìí. Ọ̀gbẹ́ni kan ló dúró níwájú mi. Ó fẹ́ ra abẹ́rẹ́ nọ́ḿbà mẹ́rìndínlógún. Ó ní ẹ ní kí wọ́n gún ìyá òun yípo orúnkún, ìlà méjì. Ó ní tó bá ti gbó jù, ẹ ní kí wọ́n gé e."

Alábẹ́rẹ́ jókòó. "Ṣòkòtò ni," ló wí.

"Ẹ ní kí ni?"

"Mo rò pé orúnkún ṣòkòtò ló ń sọ ni."

Ó gbọ́ tí obìnrin náà gbé fóònù kúrò létí, ó gbọ́ tó ń ṣàlàyé fún ẹnì kan, ó wá gbọ́ ẹ̀rín tó bú jáde, ti obìnrin náà àti ti àwọn tó ń dúró de oògùn. Lẹ́yìn náà ni ohùn ọkùnrin kan wá sórí fóònù. Ó ní kí ìyá má bínú. Ó ní òun náà rí i pé ìlà méjì yẹn pọ̀. Alábẹ́rẹ́ ní òun ló yẹ kó tọrọ àforíjì. Ó ní kó gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ọsibítù, kó sì bá òun kí i.

Òun náà rẹ́rìn-ín débi tí omi bọ́ lójú rẹ̀. Onífọ́tò tó wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gbọ́ ọ, ó di ilẹ̀kùn mú kó má baà ṣubú. Ṣùgbọ́n nígbà tí Onífọ́tò padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, Alábẹ́rẹ́ tún ìkànnì rẹ̀ ṣí, ó sì wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Orúkọ tó wà lókè, Ilé Alábẹ́rẹ́. Lábẹ́ rẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ń rẹ́rìn-ín. Abẹ́rẹ́ tó tẹ́ẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ tó nípọn, bí abẹ́rẹ́ ṣe ń gún, ohun tó ń mú kí abẹ́rẹ́ kán, ìgbà tó yẹ kéèyàn pààrọ̀ abẹ́rẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ikùn ọkùnrin sísanra yẹn. Ọkùnrin tó ń wá ìtura fún orúnkún ìyá rẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ á jókòó de dókítà.

Ibẹ̀ ló ti yé e. Kọ̀ǹpútà tó ń yan ìpolówó kò yàtọ̀ sí àwọn ọmọdé òpópónà. Ó gbọ́ abẹ́rẹ́, ó sì rò pé èyí tí wọ́n ń gún síni nídìí ni. Àwọn èrò tó ń pọ̀ sí i lóṣooṣù, tí wọ́n ń tẹ ìpolówó, kì í ṣe télọ̀. Aláìsàn ni wọ́n.

Ó pe Onífọ́tò, ó ní òun fẹ́ kí wọ́n yọ gbogbo ìpolówó oògùn kúrò, kí wọ́n sì tún ọ̀rọ̀ náà kọ. Onífọ́tò kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní àwọn aláìsàn yẹn ló ń gbé ṣọ́ọ̀bù ró. Bí wọ́n bá lé wọn, owó á wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọdún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yí po. Kí ìyá jẹ́ kó yí po ná, kí akọ́bí wá, kó lọ, kí wọ́n wá máa tún ọ̀rọ̀ kọ.

Alábẹ́rẹ́ bi í bóyá àwọn aláìsàn náà máa ń padà wá lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wá lẹ́ẹ̀kan. Onífọ́tò wò ó lórí kọ̀ǹpútà. Wọn kì í padà wá. Kíá ni wọ́n ń jáde. Àwọn tó ń pẹ́ níbẹ̀, tí wọ́n sì ń padà, ni àwọn tó ń ka bọ́bìnnì àti òwú jíjá. Àwọn yẹn kì í tẹ ìpolówó.

"Kí ni wọ́n fẹ́ tẹ̀?" Alábẹ́rẹ́ wí. "Ikùn?"

Onífọ́tò ní bí akọ́bí bá wá kó ẹrù, kí wọ́n má ní òun ò sọ. Ó wá jókòó. Wọ́n sọ fún ilé-iṣẹ́ náà pé àwọn kò fẹ́ ìpolówó oògùn àti ti ìwòsàn mọ́. Láti má fi àkókò ṣòfò, Onífọ́tò ní kí kọ̀ǹpútà fi "ìránṣọ" sẹ́yìn gbogbo abẹ́rẹ́ tó bá wà lórí ìkànnì lẹ́ẹ̀kan náà. Kọ̀ǹpútà gbọ́ràn ju bó ṣe yẹ lọ. Ó fi ìránṣọ sẹ́yìn abẹ́rẹ́ tó wà nínú orúkọ náà pẹ̀lú. Ibi gbogbo tí Alábẹ́rẹ́ wà di Alábẹ́rẹ́ Ìránṣọ. Onífọ́tò fẹ́ tún un ṣe, ìyá ní kó fi í sílẹ̀, pé ó ti yẹ kí ẹnì kan ti sọ bẹ́ẹ̀ tipẹ́.

Ó kù ibi tí ìpolówó máa wà. Alábẹ́rẹ́ ronú lórí ìyẹn bó ṣe ń ronú lórí maṣíìnì, láti ibi tí ọwọ́ ẹni tó ń lò ó máa wà. Nígbà tí télọ̀ bá ti tú maṣíìnì sílẹ̀, ojú rẹ̀ kò sí fún ọjà, bí wọ́n bá fi góòlù lọ̀ ọ́ níbẹ̀, inú á bí i. Ṣùgbọ́n tó bá dé ìparí, tó ti rí ohun tó bàjẹ́, tó ń fi àkísà nu ọwọ́, ìgbà yẹn ló mọ ohun tó fẹ́ rà. Alábẹ́rẹ́ ní kí wọ́n yọ gbogbo ìpolówó tó wà láàárín iṣẹ́. Èyí tó máa ń yọ bo ojú ìwé, kí wọ́n lé e jáde pátápátá. Kí ó ku ọ̀kan sísàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń nu ọwọ́.

Òwú àti aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lóòótọ́. Owó sì wálẹ̀, bí Onífọ́tò ṣe wí. Lóṣù yẹn, ohun tó wọlé kò ju ohun tó lè ra epo maṣíìnì lọ. Akọ́bí pè láti sọ pé òun ti kun yàrá náà ní ọ̀dà tuntun, àwọ̀ tí ìyá fẹ́ràn. Alábẹ́rẹ́ bi í bóyá fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òpópónà. Akọ́bí ní ẹ̀yìnkùlé ló kọjú sí, pé ibẹ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ìyá ní ó dáa.

Ó ń dá àwọn oníbéèrè lóhùn lọ́wọ́ nígbà tó ṣàkíyèsí ohun kan tí ó ti ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún láì kà á sí. Ẹni tó bá ti rí ohun tó bàjẹ́ lára maṣíìnì rẹ̀ máa ń béèrè ibi tóun ti lè rí tuntun rà. Òun náà á sì máa júwe ọ̀dọ̀ Ó-Wà-Ńlẹ̀ fún wọn.

Ó-Wà-Ńlẹ̀ ni ọkùnrin tó ń ta ẹ̀yà maṣíìnì, tí Alábẹ́rẹ́ ti ń bá rajà láti ìgbà tó ti kọ́ṣẹ́ tán. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ yẹn torí pé kò sí ohun tí èèyàn fẹ́ béèrè tí kò ní sọ pé ó wà ńlẹ̀, kódà kí onítọ̀hún tó sọ̀rọ̀ tán. Alábẹ́rẹ́ lọ bá a. Ojú ń tì í, nítorí náà ó kọ́kọ́ ra sípíríǹgì kan tí kò nílò. Ó wá sọ ohun tó bá wá: kí ó gba àyè ìsàlẹ̀ yẹn fún odidi ọdún kan, kí ọjà rẹ̀ nìkan máa wà níbẹ̀.

Ó-Wà-Ńlẹ̀ ní ta ni kò mọ òun.

"Àwọn tí ò mọ̀ yín ló ń bi mí," Alábẹ́rẹ́ dá a lóhùn.

Kò gbà, kò sì kọ̀. Wọ́n fẹnu kò sí oṣù kan lọ́fẹ̀ẹ́. Alábẹ́rẹ́ á fi nọ́ḿbà fóònù rẹ̀ sísàlẹ̀ ìwé kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ ẹ̀yà tí wọ́n sọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí ìwé náà gan-an. Ẹni tó bá pè, tó sọ pé Alábẹ́rẹ́ Ìránṣọ ló rán òun, Ó-Wà-Ńlẹ̀ á dín díẹ̀ kúrò fún un. Bí ẹnikẹ́ni ò bá pè, kò sí gbèsè láàárín wọn.

Nígbà tí oṣù náà pé, tí Alábẹ́rẹ́ padà lọ, Ó-Wà-Ńlẹ̀ kò kí i bó ṣe máa ń kí i. Ó ń tú àpótí, inú àpótí náà sì ṣófo.

"Ìyá Alábẹ́rẹ́, ẹ ti bà mí lórúkọ jẹ́," ló wí. "Láti àná, èèyàn mẹ́ta ni mo ti sọ fún pé kò sí ńlẹ̀."

Ẹni tó ń ta òwú ní ṣọ́ọ̀bù kejì, tó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn láti àárọ̀, yọ orí wọlé, ó ní kí wọ́n tètè wá orúkọ mìíràn fún ọkùnrin yìí. Ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ bi Alábẹ́rẹ́ bóyá àyè kan ṣì kù. Ìyá ní àyè kan ló wà, ṣùgbọ́n ìwé tó sọ̀rọ̀ òwú jíjá lè jẹ́ tirẹ̀, èyí tó kù kó jẹ́ ti Ó-Wà-Ńlẹ̀. Àwọn méjèèjì san apá kan lára owó náà lójú ẹsẹ̀.

Akọ́bí dé pẹ̀lú ọkọ̀ tó fi ń kó gíláàsì. Ó ti kó àwọn bùláńkẹ́ẹ̀tì tó máa ń fi wé gíláàsì dání, àti okùn. Ó kí ìyá rẹ̀, ó jókòó lórí àpótí, ó ní kó sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Ìyá kò fi bò. Ìkànnì ti gbé ara rẹ̀. Ó gbé ṣọ́ọ̀bù náà, ó ku díẹ̀. Àwọn oṣù tí owó fi wálẹ̀ yẹn ló fà á. Akọ́bí wo àwọn orí maṣíìnì lórí pákó, bí ẹni tó ń wò ó bóyá wọ́n á gba inú ọkọ̀.

Fóònù dún. Télọ̀ kan ni, láti ibi jíjìn, maṣíìnì rẹ̀ ti há. Alábẹ́rẹ́ ní kó fi ọwọ́ òsì di wíìlì mú, kó má fi agbára yí i, kó sọ fún òun ohun tó gbọ́. Wọ́n jọ ń tẹ́tí sí maṣíìnì náà, òun níbí, ẹni yẹn lọ́hùn-ún. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí tábìlì, kò gbọ̀n. Ó ní kó yí i padà sẹ́yìn díẹ̀. Díẹ̀ sí i. Ó dúró gbọ́, ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní òwú tó há náà nìyẹn, kó fà á jáde, kó sì máa rán aṣọ rẹ̀ lọ.

Akọ́bí dìde, ó jáde sídìí ọkọ̀. Nígbà tó padà, maṣíìnì ìyàwó rẹ̀ ló gbé wọlé, tó ti fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé. Ó ní ó ti ń fo ojú ìrán láti ọdún tó kọjá, òun sì gbé e dání kí ìyá lè bá àwọn wò ó. Alábẹ́rẹ́ kò fọwọ́ kàn án. Ó ní kó ṣí ìkànnì, kó wá ibi tí wọ́n kọ ojú ìrán tó ń fo sí.

Akọ́bí kà á, ó tú maṣíìnì náà sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tí iṣẹ́ gíláàsì ti mọ́ lára kò kánjú. Ó ka ìpele kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ohun tó yọ bo ojú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ló ti tẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dé ìsàlẹ̀ ìwé, ó ń nu ọwọ́, ó rí orúkọ Ó-Wà-Ńlẹ̀ àti nọ́ḿbà abẹ́rẹ́ tó yẹ kó rà. Ó na ìka sí i, ó wá dá a dúró.

"Ṣé wọn ò sọ pé ẹbí kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́?"

"Ti àwọn àkọ́kọ́ nìyẹn," ìyá wí. "Èyí, abẹ́rẹ́ ni o fẹ́ rà. Tẹ̀ ẹ́."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó-Wà-Ńlẹ̀ gbé fóònù, kí akọ́bí tó sọ ohun tó fẹ́, ó ti ní ó wà ńlẹ̀. Akọ́bí lọ gbé e wá, ó fi sí i, ó rán orí àkísà kan wò. Ojú ìrán kò fo. Ó wé maṣíìnì náà padà sínú bùláńkẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ ní ó ku díẹ̀, àbí?" ló béèrè.

"Ó ku díẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí díẹ̀ yẹn jẹ́ owó iṣẹ́ maṣíìnì yìí."

Ìyá ní òun kọ́ lòun tún un ṣe. Akọ́bí ní ta ni, kì í ṣe òun, òun kò mọ nǹkan kan nípa maṣíìnì. Ó san owó náà, ó fi okùn di ẹrù kan ṣoṣo yẹn mọ́ ọkọ̀, ó ní tó bá tún dọdún, òun á tún yà wá wò ó. Alábẹ́rẹ́ ní kó yà wá, kó sì kó àwọn ọmọ dání.

Ó mú lára owó náà, ó fi pe ẹni tó ń kọ pátákó. Kò fi bẹ́ẹ̀ sí àyè mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ "Alábẹ́rẹ́" àtijọ́, nítorí náà ọkùnrin náà fún "Ìránṣọ" pọ̀ sí igun ìsàlẹ̀ ní lẹ́tà wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́. Èèyàn ní láti sún mọ́ ọn kó tó lè kà á. Àwọn ọmọdé kì í sún mọ́ ọn. Wọ́n ṣì ń sáré kọjá.